Òwúrọ̀ mẹ́ta nínú irà Cameron: ohun tí mo rí ní àgọ́ ọdẹ pẹ́pẹ́yẹ kan ní Louisiana

Ní oṣù Kejìlá tó kọjá ni mo wakọ̀ kúrò ní Houston, mo dé Lake Charles, mo sì yà sí gúúsù títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lẹ́bàá òkun, ní agbègbè tí wọ́n ń pè ní Cameron Parish ní ìpínlẹ̀ Louisiana. Àgọ́ ọdẹ kan ni mo ń lọ, níbi tí wọ́n ti ń gba àlejò tó bá fẹ́ ṣọdẹ pẹ́pẹ́yẹ igbó. $1,500 ni mo san fún òru mẹ́ta, òwúrọ̀ mẹ́ta nínú irà, oúnjẹ àti amọ̀nà. N kò ní dárúkọ àgọ́ náà nítorí pé mo ní ẹ̀sùn tí mo fẹ́ sọ, àwọn àgọ́ tó jọ ọ́ sì pọ̀ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ohun tí mo rí fi lè wúlò fún ẹni tó bá fẹ́ lọ sí èyíkéyìí nínú wọn. Èrò mi ni pé bó bá jẹ́ iye ẹyẹ tí ẹ máa pa ni ẹ fẹ́ fi wọn owó yín, ẹ má lọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ jókòó ti àgbà ọdẹ kan lára àwọn Cajun, ìran Faransé tó ń gbé níbẹ̀, fún wákàtí mẹ́rin, kí ẹ gbọ́ bó ṣe ń bá ẹyẹ sọ̀rọ̀, kí ẹ sì jẹ nínú ìkòkò rẹ̀ lálẹ́, owó náà kò pọ̀ rárá.

Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, omi àti koríko ni ẹ ó máa rí títí dé ibi tí ojú yín lè rí mọ. Ibi tó ga díẹ̀ kò ju àwọn òkè tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìgbì òkun fi iyanrìn àti ìkarahun kó jọ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Igi óákù ló hù sórí wọn, ìdí sì nìyẹn tí àwọn tó ń sọ Faransé fi ń pe irú òkè bẹ́ẹ̀ ní chenier, nítorí pé chêne ni orúkọ igi náà lédè wọn. Orí ọ̀kan nínú wọn ni àgọ́ náà wà. Òpó igi gbọọrọ gbọọrọ ni wọ́n fi gbé ilé náà sókè, ó sì ga ju ènìyàn méjì tí ọ̀kan gun èjìká èkejì lọ, torí pé ìjì Rita ti gbá agbègbè náà lọ ní 2005, ìjì Ike tẹ̀ lé e ní 2008, ìjì Laura sì tún dé ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 2020. Ẹ ó rí àtẹ̀gùn oníkọnkéré lẹ́bàá ọ̀nà tí kò sí ilé kankan lókè rẹ̀ mọ́. Ní ti yàrá, ó mọ́, omi gbígbóná wà, ibùsùn náà sì dára.

Àwọn Cajun ló ni ìlú. Ìran Faransé ni àwọn baba ńlá wọn, tí wọ́n ń gbé ní Acadie, ibi tí a mọ̀ sí Nova Scotia ní Kánádà lónìí, kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ sí lé wọn kúrò lórí ilẹ̀ wọn ní 1755. Àwọn tó dé Louisiana bá irà níbẹ̀, wọ́n sì kọ́ bí a ṣe ń jẹun nínú rẹ̀. Oúnjẹ ni ẹyẹ tó ń ti àríwá wá ní ìgbà òtútù, owó sì tún ni: títí di ìgbà tí òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1918 lórí ẹyẹ aṣíkiri fi òpin sí títa ẹyẹ igbó, àwọn ọdẹ irà máa ń kó pẹ́pẹ́yẹ ránṣẹ́ sí ọjà New Orleans. Orí iṣẹ́ ọdẹ àfijẹun yẹn ni ọdẹ tí àlejò ń sanwó fún lónìí dúró lé.

Amọ̀nà tí wọ́n fún wa ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ jẹ́ bàbá kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni wọ́n kan ilẹ̀kùn wa, tí wọ́n gbé kọfí dúdú kíkorò fún wa láìbèèrè bóyá a ń fẹ́ ṣúgà. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, irú èyí tí ẹ̀rọ rẹ̀ lè gba inú ẹrẹ̀ kọjá, gbé wa gba ọ̀nà omi tóóró kan fún bí ogún ìṣẹ́jú, ó sì ń fa pirogue méjì lẹ́yìn. Pirogue ni ọkọ̀ kékeré pẹlẹbẹ tí àwọn Cajun ń lò níbi tí omi kò bá jìn. Láyé àtijọ́, odidi ìtì igi cypress ni wọ́n máa ń gbẹ́ láti fi ṣe é. Nígbà tí omi kò gba ọkọ̀ ńlá mọ́, Bàbá pa ẹ̀rọ, a bọ́ sínú àwọn kékeré, wọ́n sì dìde dúró lẹ́yìn tèmi, wọ́n ń fi ọ̀pá gígùn ti ọkọ̀ náà lọ nínú òkùnkùn láìtan iná. Etí ọkọ̀ náà kò fi ju ìka mẹ́rin lọ ga ju omi, mo sì fọwọ́ méjèèjì di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, síbẹ̀ n kò gbọ́ kí ọ̀pá yẹn ta omi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Àpótí onípákó tí wọ́n rì wọ inú irà, tí wọ́n sì fi esùsú bò yíká, ni ibùba wa. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Bàbá ti to ère pẹ́pẹ́yẹ bí ọgbọ̀n sójú omi. Ike ni púpọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n bàbá tó bí Bàbá lọ́mọ ló gbẹ́ mẹ́rin nínú wọn láti ara gbòǹgbò cypress. Ọ̀dà ti ṣí lára àwọn ère náà, ẹnu ọ̀kan sì ti kán, síbẹ̀ iwájú gan-an ni wọ́n fi wọ́n sí. Kí òfin tó ká wọn lọ́wọ́ kò ní 1935, pẹ́pẹ́yẹ ààyè ni àwọn ọdẹ máa ń so mọ́lẹ̀ láti tan èyí tó ń fò lókè. Bàbá fi àlàfo sílẹ̀ láàárín àwọn ère náà, nítorí pé ẹyẹ máa ń dojú kọ afẹ́fẹ́ nígbà tó bá fẹ́ bà, ó sì máa ń wá ibi tí àyè wà.

Ibi tí mo fẹ́ dúró sí díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ fèrè tí wọ́n fi ń pe ẹyẹ. Fèrè Bàbá kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ: ọ̀pá esùsú tí ó ní ihò nínú, tí wọ́n ki igi kékeré kan bọ̀ lẹ́nu, tí ahọ́n tín-ín-rín kan sì wà lórí igi náà tó ń gbọ̀n bí èémí bá kọjá. Ìdílé Faulk ní Lake Charles sọ irú fèrè báyìí di òwò, ṣùgbọ́n Bàbá ló fọwọ́ ara wọn gé tiwọn. Mo ti rò pé ẹni tó mọ̀ ọ́n fọn ni ẹni tó ń fọn ún lemọ́lemọ́. Irọ́ ni. Bí ẹyẹ bá ti kọjú sí wa, Bàbá á dákẹ́ pátápátá. Bó bá yí ìdí padà tó fẹ́ máa lọ, ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n á tó fọn ún lẹ́ẹ̀márùn-ún, tí ohùn náà á máa rẹlẹ̀ sí i bó ṣe ń lọ. Nígbà tí agbo ẹyẹ bá ń yí wa ká lókè, wọ́n á kàn máa kùn sínú fèrè bí pẹ́pẹ́yẹ tó ń jẹun lọ́wọ́. Fún paille-en-queue, pẹ́pẹ́yẹ onírù gígùn tí akọ rẹ̀ máa ń súfèé, Bàbá súfèé. Ní ti ẹyẹ ńlá tí wọ́n ń pè ní specklebelly, tí ohùn rẹ̀ dà bí ẹ̀rín tó fọ́ sí méjì, wọn kò lo fèrè rárá: wọ́n ká ọwọ́ mọ́ ẹnu, wọ́n sì fi ọ̀fun ara wọn pè é. Mẹ́ta nínú ẹyẹ náà, tí wọ́n ga tó bẹ́ẹ̀ tí n kò tíì rí wọn, dá Bàbá lóhùn, wọ́n sì yípo bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Èmi kò yìnbọn rárá, ẹnu ni mo là sílẹ̀.

Bàbá ló ń sọ orúkọ àwọn ẹyẹ náà fún wa, ní Faransé àwọn Cajun. Canard français ni pẹ́pẹ́yẹ olórí àwọ̀ ewé tí gbogbo ayé mọ̀. Zinzin ni èyí tó ń súfèé bí ọmọ kékeré. Micouenne ni ẹlẹ́nu ṣíbí. Sarcelle ni àwọn kéékèèké tó máa ń sáré kọjá lórí ibùba nígbà tí ilẹ̀ bá ń mọ́, tí ìró ìyẹ́ wọn dà bí ìgbà tí ènìyàn bá fa aṣọ ya. Bàbá sọ pé wọ́n na bàbá àwọn nílé ìwé nítorí Faransé yìí, torí pé òfin ìpínlẹ̀ náà ti ọdún 1921 sọ Gẹ̀ẹ́sì di èdè kan ṣoṣo tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi kọ́ni. Ẹni tí wọ́n bá ti nà rí nítorí èdè abínibí rẹ̀ á mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi wọ̀ mí lára. Nínú ibùba, níbi tí olùkọ́ kankan kò dé, àwọn orúkọ ẹyẹ náà kò kú.

Bàbá kì í fi òfin ṣeré. Kí a tó kúrò lórí ilẹ̀, wọ́n yẹ ọta wa wò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan láti rí i pé kò sí èyí tí wọ́n fi òjé ṣe, torí pé láti 1991 ni wọ́n ti ka ọta òjé léèwọ̀ fún ọdẹ ẹyẹ omi káàkiri Amẹ́ríkà, nítorí àwọn ẹyẹ tó ń gbé e mì mọ́ oúnjẹ tí májèlé rẹ̀ sì ń pa wọ́n. Ọta mẹ́ta péré ni ìbọn gbọ́dọ̀ gbà. Pẹ́pẹ́yẹ mẹ́fà ni ẹnì kọ̀ọ̀kan lè pa lóòjọ́, kò sì gbọdọ̀ ju ẹyọ kan lọ lára èyí tí àwọn Cajun ń pè ní canard noir d'été, ẹyẹ tí kì í ṣí lọ sí àríwá bí àwọn yòókù, inú irà yìí ló ń pamọ sí. Ọ̀kan bà sí iwájú wa ní ọjọ́ kejì, ó sún mọ́ wa tó bẹ́ẹ̀ tí mo rí àwọ̀ ẹnu rẹ̀. Bàbá fọwọ́ tẹ ìbọn mi wálẹ̀, wọ́n ní onílé ni ìyẹn. Kí ẹ tó lọ, ẹ gba ìwé àṣẹ àlejò lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ náà, kí ẹ sì ra sítáǹbù pẹ́pẹ́yẹ ti ìjọba àpapọ̀. $25 ni, ó ti wà láti 1934, owó rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń ra ilẹ̀ irà fún ààbò àwọn ẹyẹ. Tọkàntọkàn ni mo fi san tèmi.

Nígbà tó di alẹ́, Bàbá yìí kan náà ló dúró ti ìkòkò irin dúdú. Àwọn àlejò mìíràn ti fẹ́ da poule d'eau tí wọ́n pa nù, ẹyẹ dúdú tí ẹnu rẹ̀ funfun, torí pé wọ́n gbọ́ pé ó máa ń rùn. Bàbá kó gbogbo rẹ̀. Wọn kò tu ìyẹ́ rẹ̀, ńṣe ni wọ́n bó o tawọtawọ, wọ́n sì kó àwọn iwe sọ́tọ̀, nítorí pé iwe ẹyẹ yìí tóbi, òun ni wọ́n sì kà sí ibi tó dùn jù. Wọ́n da ìyẹ̀fun sínú òróró, wọ́n sì ń rò ó láìdúró lórí iná jẹ́jẹ́ fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, títí ó fi pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tó wá dúdú bí ṣokoléètì. Wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ṣíbí igi náà lọ́wọ́ wọn. Àlùbọ́sà, tàtàṣé tútù àti sélérì tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ẹran ẹyẹ, iwe àti sọ́séèjì tí wọ́n fi èéfín sá. Gumbo ni wọ́n ń pe ọbẹ̀ yẹn; lórí ìrẹsì funfun, òun ni oúnjẹ tó dára jù lọ tí mo jẹ lọ́dún náà. Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnìkan jẹ. Ti Bàbá kò rí bẹ́ẹ̀: gumbo náà kárí gbogbo àgọ́, títí kan ọkùnrin tó wá tún ẹ̀rọ omi ṣe.

Ó wá ku àwọn ẹ̀sùn. Èkíní ni àwòrán tí wọ́n fi ń polówó àgọ́ náà, níbi tí wọ́n to òkú ẹyẹ sílẹ̀ bí ìtẹ́lẹ̀ ẹní, bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ló ń rí lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ kejì, tí oòrùn ràn tí afẹ́fẹ́ kò sì fẹ́, ẹyẹ méje péré ni àwa mẹ́rin pa. Inú mi dùn sí méje náà, ṣùgbọ́n inú ẹni tó gba àwòrán gbọ́ kò dùn, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí ìbínú rẹ̀. Èkejì ni pé bàtà rọ́bà gígùn tí wọ́n yá mi jò ní ẹsẹ̀ òsì láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kò sì sí òmíràn tó bá mi mu. Wọ́n tún gba $5 lórí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan láti tu ìyẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa títí ó fi di ìgbà tí a fẹ́ máa lọ.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ọjọ́ kẹta. Láìsọ fún wa ṣáájú, wọ́n gbé Bàbá fún ẹgbẹ́ mìíràn, wọ́n sì fi ọ̀dọ́mọkùnrin kan mú wa lọ, àwa márùn-ún nínú ibùba tí kò ju ti ẹni mẹ́ta lọ. Kò sinmi fèrè láti ìgbà tí ilẹ̀ mọ́, fóònù sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì. Nígbà tí ẹyẹ kò sún mọ́ wa, ó ní kí a máa yìn ín lókè réré. A ta ọ̀kan lápá, ó já sínú esùsú tó jìnnà, kò sí ajá tó lè lọ wá a, ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò sì dìde. Mo bọ́ sínú omi, mo wá a fún ìdajì wákàtí, n kò rí i. Bàbá ti sọ fún wa ní ọjọ́ àkọ́kọ́ pé ẹyẹ tí ẹ kò bá lè gbé wálé, ẹ kò ní ẹ̀tọ́ láti yìnbọn sí i. Owó kan náà ni mo san fún òwúrọ̀ yẹn àti fún méjì tó ṣáájú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń bá irú àgọ́ bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí iye ẹyẹ. Ẹ bèèrè ẹni tó máa mú yín lọ, iye ọdún tó ti ń ṣọdẹ nínú irà náà, iye ènìyàn tó máa wà nínú ibùba, àti bóyá ajá wà. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n ń se ohun tí ẹ bá pa. Bí wọ́n bá fi àwòrán dá yín lóhùn, ẹ pe àgọ́ mìíràn. Ọjọ́ tí òtútù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti àríwá ló dára jù, ìyẹn ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ tí ojú ọ̀run sì ṣú. Èmi ti san owó òwúrọ̀ méjì fún oṣù Kìíní tó ń bọ̀, n kò sì sanwó náà títí wọ́n fi kọ orúkọ Bàbá sórí ìwé ẹ̀rí. Bàtà tèmi ni n ó wọ̀ lọ.