Oúnjẹ ẹṣin ní Ifẹ̀: èwo ni kí ẹ rà, èwo ni kí ẹ fi sílẹ̀?

Kí ẹ tó ná ọjà kankan, ẹ mọ bí ẹṣin yín ṣe wúwo tó. Ẹṣin tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 300 kílò máa ń fẹ́ nǹkan bí kílò 6 koríko gbígbẹ lójúmọ́. Koríko ni oúnjẹ rẹ̀ gan-an. Àfikún ni ìyókù.

Èèsún tàbí ewé ẹ̀pà gbígbẹ? Nígbà òjò, èèsún pọ̀ ní Ifẹ̀, owó ẹni tó ń gé e nìkan ni ẹ máa san. Ṣùgbọ́n omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀: kílò 6 gbígbẹ yẹn lè tó kílò 30 tútù. Ewé ẹ̀pà, tí àwọn Hausa ń pè ní harawa, gbówó lórí jù ú lọ torí Òkè Ọya ló ti ń wá, àmọ́ kálísíọ́ọ̀mù inú rẹ̀ ju ti èèsún lọ dáadáa. Èèsún ni kó pọ̀ jù, kí ẹ wá fi harawa kún un. Ẹ béèrè ní Sábó lọ́wọ́ àwọn tó ń bọ́ àgbò, kí ẹ sì tú ìdì rẹ̀ wò. Bó bá ti bu, ẹ má rà á, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Ẹṣin kì í lè bì. Ohun tó bá gbé mì ti wọlé nìyẹn.

Dúsà (ìyẹn èérí ọkà) tàbí àgbàdo? Àpò dúsà tóbi, ó sì fúyẹ́, nítorí náà kílò ni kí ẹ fi ná an. Fọsifọ́rọ́ọ̀sì pọ̀ nínú rẹ̀, kálísíọ́ọ̀mù kò tó nǹkan. Ẹṣin tó bá ń jẹ dúsà rẹpẹtẹ pẹ̀lú èèsún fún oṣù mélòó kan, inú egungun rẹ̀ ni ara á ti máa yọ kálísíọ́ọ̀mù: egungun ojú rẹ̀ á wú, á sì máa tiro. Àgbàdo ń fún ẹṣin tó ń ṣiṣẹ́ lágbára. Díẹ̀díẹ̀ ni o, torí àpọ̀jù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ń fa inú rírun. Àgbàdo tó bu lè ba ọpọlọ ẹṣin jẹ́ títí tó fi máa kú.

Oúnjẹ adìyẹ ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Wọ́n sábà máa ń po oògùn monensin tàbí salinomycin mọ́ ọn nítorí àìsàn ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ adìyẹ. Adìyẹ ń jẹ ẹ́, kò ṣe é ní nǹkan. Díẹ̀ nínú rẹ̀ lè ba ọkàn ẹṣin jẹ́, kó sì pa á.

Ní ti aràn, ẹ kọ́kọ́ sanwó àyẹ̀wò ìgbẹ́ kí ẹ tó ra oògùn. Bí ẹṣin bá sì ń jẹun dáadáa tó ń rù, ẹ má tíì fi kún oúnjẹ rẹ̀. Agbègbè igbó la wà, eṣinṣin tsetse sì ń gbé àìsàn tó ń mú ẹṣin rù kiri. Ẹ jẹ́ kí dókítà ẹranko yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ná.