Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tó ń ra irúgbìn sàláàdì iceberg l'Ábẹ́òkúta

Ẹ̀yin ará mi tó ń gbin ẹ̀fọ́, láti Lafẹ́nwá títí dé Ọbáńtókò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná kí ẹ tó sanwó irúgbìn sàláàdì tí wọ́n ń gbé kiri báyìí. Ọkùnrin kan ń polówó rẹ̀ lórí WhatsApp, ó sì ń fún àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ́wọ́ ní Kútọ̀. Inú ọ̀rá funfun tí kò ní àkọlé kankan ló ń dì í sí. Ó ní iceberg ni, ìyẹn sàláàdì tí ewé rẹ̀ máa ń dì di orí bíi kábéèjì, pé F1 ni, ìyẹn irúgbìn tí wọ́n fi irú méjì pọ̀ bí, pé ó ń dì lẹ́ẹ̀rùn, ó ń dì lójò. Irọ́ ni o.

Àwọn tí oko wọn bá tèmi pààlà ti rà á. Ó hù dáadáa, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, wọ́n sì ti bá àwọn oníṣàwámà dá àdéhùn. Nígbà tó yẹ kí orí rẹ̀ máa ká kò bíi kábéèjì, ńṣe ló ta ọ̀pá sókè, ó yọ òdòdó, ewé rẹ̀ sì korò débi pé ẹnikẹ́ni ò gbà á lọ́wọ́ wọn. Wọ́n pe ọkùnrin náà, ó ní oòrùn ló bà á jẹ́. Nígbà tí wọ́n tún pè é, nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́. Ó dùn mí gan-an, torí owó àjọ ni ẹlòmíì nínú wọn fi rà á.

Ibi tí jìbìtì yìí fara pamọ́ sí ni pé gbogbo sàláàdì ló jọra nígbà tó bá ṣì kéré. Iceberg ń gba nǹkan bí ọjọ́ 75 sí 90 láti ìgbà tí ẹ bá ti fún irúgbìn rẹ̀ kó tó dì tán. Kí ẹ tó mọ̀ pé sàláàdì eléwé lásán ni wọ́n tà fún yín, ẹni tó tà á ti náwó yín tán.

Kò sí iceberg kankan tó ń dì yípo ọdún nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Òtútù ló fẹ́. Ìwọ̀n Celsius 15 sí 20 ló bá a lára jù. Ìdí nìyẹn tó fi ń ṣe dáadáa ní Jos, tó ga ju mítà 1,200 lọ sí ìtẹ́jú òkun. Tiwa ń gbóná lọ́sàn-án, ó tún ń móoru lóru. Ẹ wo Salinas, irú iceberg kan tó jáde ní 1975: orúkọ àfonífojì kan ní California ló ń jẹ́, níbi tí atẹ́gùn òkun ti ń mú ilẹ̀ tutù. Ẹni tó bá ní kí ẹ gbin ìyẹn l'Ábẹ́òkúta lóṣù Kẹta kò fẹ́ ire fún yín. Great Lakes, irú iceberg mìíràn tó ti wà láti 1941, fara da ooru jù ú lọ, àmọ́ òun náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ fún irúgbìn rẹ̀ sí nọ́sìrì tó ní ìbòòji ní ìparí oṣù Kẹwàá tàbí nínú oṣù Kọkànlá, kí àkókò tó máa dì bọ́ sínú ọyẹ́. Ẹ má jẹ́ kí omi dá a o: bí omi bá ń wá tó ń lọ, etí ewé inú rẹ̀ á jó, ẹ ò sì ní mọ̀ títí ẹ ó fi là á. Lásìkò òjò, ìdí rẹ̀ máa ń jẹrà. Sàláàdì eléwé ni kí ẹ gbìn nígbà yẹn.

Ti F1 yẹn ńkọ́? Òdòdó sàláàdì kì í dúró de òdòdó mìíràn kó tó so, nítorí náà ó ṣòro púpọ̀ láti ṣe F1 rẹ̀ fún títà. Ẹni tó bá fi orúkọ yẹn gbówó lé ọ̀rá tí kò ní àkọlé, ẹ sá fún un.

Ẹ béèrè orúkọ irú irúgbìn náà gan-an, ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, àti ìdá tó hù nínú ọgọ́rùn-ún. Bí àmì SeedCodex ti NASC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàbójútó irúgbìn, bá wà lára rẹ̀, ẹ họ ọ́, kí ẹ sì yẹ nọ́ńbà rẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà, ẹ ka 20 nínú rẹ̀ sórí tísù tútù, ẹ má bò ó, torí ìmọ́lẹ̀ ló fi ń hù. Bí ooru bá ju 30 lọ, irúgbìn tó dáa pàápàá lè sùn, ibẹ̀ sì ni oníjìbìtì ń sá sí. Ẹ gbé e sínú fíríìjì, níbi tí omi kì í ti di yìnyín, fún òru kan, kí ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ amù. Bí ó bá pé ọ̀sẹ̀ kan tí èyí tó pọ̀ nínú wọn kò hù, ti àtijọ́ ni wọ́n tà fún yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ti rà á, ẹ tọ́jú ọ̀rá náà, irúgbìn tó ṣẹ́kù àti ẹ̀rí owó tí ẹ san, kí ẹ kó o lọ sí OGADEP, àjọ ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Ìpínlẹ̀ Ògùn. Èyí tó ti wà nínú oko, ẹ má dúró kó dì. Ẹ já ewé rẹ̀ tà kó tó ta ọ̀pá.