Akọ ni àbí abo? Wíwo imú budgie àti àyẹ̀wò DNA

Wíwo imú kò ná yín ní kọ́bọ̀. Tí budgie, ẹyẹ kékeré bí ayékòótọ́ tí wọ́n ń sìn nílé, bá ti dàgbà, awọ tó yí ihò imú akọ ká máa ń jẹ́ búlúù. Ti abo a rí bí àwọ̀ ilẹ̀, a sì gan bí èépá tó bá fẹ́ yé ẹyin. Akọ lutino, oníyẹ̀ẹ́ ìyeyè yẹn, ló ń tan èèyàn jẹ: imú rẹ̀ kì í di búlúù láé.

Àyẹ̀wò DNA, èròjà ìran tó wà nínú ara ẹyẹ, ń gbowó, ó ń gba sùúrù. Ìyẹ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fà tu ni ilé àyẹ̀wò ń fẹ́, kì í ṣe èyí tó já sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọ̀ kò dí i lọ́wọ́.

Ẹyẹ aláwọ̀ ewé tó pé ọdún kan? Ẹ wo imú. Lutino tí ẹ fẹ́ wá aya tàbí ọkọ fún? Ẹ san owó DNA, àfi tí bàbá rẹ̀ bá jẹ́ lutino tí ìyá sì jẹ́ aláwọ̀ ewé: abo ni.