Energiesprong fún ilé kánsù: ibi tó ti yanjú àti ibi tó kù sí

Energiesprong ni ètò tí wọ́n fi ń bo ilé àtijọ́ ní ògiri tuntun, tí wọ́n sì ń gbé sólà sórí òrùlé rẹ̀, kí iná tó ń jẹ lè dínkù. Ẹ jẹ́ ká gbé sólà yẹn tì ná. Ohun tí Energiesprong fi ju ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tún ilé kánsù ṣe lọ ni pé wọ́n ń tọwọ́ bọ̀wé lórí àbájáde: pálọ̀ gbọ́dọ̀ lè móoru dé 21°C nígbà òtútù, iná tí ilé ń jẹ lọ́dún kò sì gbọdọ̀ kọjá iye tí wọ́n kọ sílẹ̀. Bó bá kọjá, ọrùn agbaṣẹ́ṣe ló wà, kì í ṣe ọrùn ayálégbé. Nẹ́dálándì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Nottingham ló kọ́kọ́ gbà á nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 2017.

Iṣẹ́ náà yá. Wọ́n á fi laser wọn ara ilé, wọ́n á kan ògiri tuntun ní ilé iṣẹ́ pẹ̀lú fèrèsé àti ilẹ̀kùn lára rẹ̀, kíréènì á wá gbé e bo ògiri àtijọ́. Ayálégbé kò ní láti kó jáde.

Oríkèé, ibi tí ògiri tuntun ti pàdé ilé àtijọ́, ni wàhálà wà. Bí wọ́n bá wọn ilé kí wọ́n tó yọ páìpù òjò kúrò, ògiri tuntun kò ní jókòó dáadáa. Òtútù á máa gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, bí ẹni wọ kóòtù tí kò de bọ́tìnì. Bí kò bá sì sọ̀ kalẹ̀ kọjá ilẹ̀pẹ́lẹ́ inú ilé, ìdí ògiri á máa tutù, á rin, á wá bu dúdú lẹ́yìn àga. Kí kánsù tó san owó ìkẹyìn, kí wọ́n gbé fáànù ìdánwò, èyí tó ń fa afẹ́fẹ́ inú ilé jáde, sẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n sì na ọwọ́ sí etí fèrèsé kọ̀ọ̀kan. Ibi tí atẹ́gùn bá ti fẹ́ lu àtẹ́lẹwọ́, ibẹ̀ ló ń jò.

Ẹ̀rọ tó ń pààrọ̀ afẹ́fẹ́ inú ilé ni wọn kì í ṣàlàyé tó. Ilé ti dí pa. Ìkòkò ọbẹ̀ kan péré lè mú kí fèrèsé máa sun omi. Bí asẹ́ inú ẹ̀rọ bá kún fún eruku, ariwo rẹ̀ á pọ̀, ayálégbé á sì pa á. Ẹ yẹ asẹ́ yẹn wò ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Àwọn tó nilé ló yẹ kó máa pààrọ̀ rẹ̀.

Ní ti owó, ilé mẹ́wàá mẹ́wàá kò lè mú kó wálẹ̀, torí ilé iṣẹ́ ní láti to ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́tun fún irú ilé kọ̀ọ̀kan. Ní 2013, àwọn ará Nẹ́dálándì fẹnu kò lórí ilé 111,000, wọn ò sì sún mọ́ ọn rárá. Kí àwọn kánsù tí ilé wọn jọra parapọ̀ ra á, kí wọ́n sì fi ilé alájà méjì tó so kọ́ra bẹ̀rẹ̀. Òrùlé ilé gogoro kò gba sólà tó máa tó gbogbo yàrá tó wà lábẹ́ rẹ̀.