Hellblade: ohùn tó ń mú mi bojúwẹ̀yìn ní Kubwa

Lálẹ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ta géèmù fídíò Hellblade: Senua's Sacrifice, ìyá mi tó wá kí mi láti Ògbómọ̀ṣọ́ yọjú sí pálọ̀, ó ní, "Kí lò ń bojúwẹ̀yìn wò?" Ojú tì mí. Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn tí mo yí orí padà nítorí obìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí mi létí òsì.

Iléeṣẹ́ Ninja Theory ní Cambridge ló gbé géèmù yìí jáde ní 2017. Senua, jagunjagun obìnrin, gbé orí olólùfẹ́ rẹ̀ tó ti kú lọ sí ìlú àwọn òkú. Àárẹ̀ ọpọlọ ń bá a jà, ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì kò gbọ́. Ẹ gbójú kúrò lára ìtàn náà ná, ohùn wọ̀nyẹn ni mo bá wá.

Bí wọ́n bá ń pe ìrun àsùbáà ní Kubwa, l'Abuja níbí, orí ibùsùn ni mo ti ń mọ mọ́sálásí tó wà lọ́tùn-ún mi àti èyí tó wà lẹ́yìn ilé, láì la ojú. Ohùn máa ń dé etí kan ṣáájú èkejì, orí èèyàn a sì dí díẹ̀ lára rẹ̀ lọ́nà. Ọgbọ́n tí Ninja Theory lò nìyẹn: wọ́n gbé orí ère kalẹ̀, wọ́n ki máíkì bọ etí rẹ̀ méjèèjì, àwọn òṣèré wá ń rìn yí i ká bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Ọ̀kan ń bú Senua, ọ̀kan ń rọ̀ ọ́ kó padà sílé, ọ̀kan ń fi í rẹ́rìn-ín. Tí ìjà bá dé, kò sí àmì kankan tó ń fi hàn bí agbára ṣe kù sí. Àwọn ohùn ló ń kígbe pé ọ̀tá wà lẹ́yìn. Mo ti máa ń yẹ̀ kí n tó rí idà rárá.

Ẹ má fi sípíkà tẹlifíṣọ̀n ta á o. Hẹdífóònù tí mo rà ní Wuse, tí ẹni tó tà á búra pé ojúlówó ni, etí òsì rẹ̀ kú lọ́jọ́ kẹsàn-án. Odidi ìrọ̀lẹ́ kan ni mo fi rò pé géèmù náà ti sú mi, àṣé ìdajì ohùn ni mò ń gbọ́! Ti àbúrò mi tó ní wáyà ni mo yá. Ìṣòro kejì ni jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò: létí òkun inú géèmù náà, níbi tí atẹ́gùn àti ìgbì nìkan ti ń dún, kò sí nǹkan tí èèyàn máa gbọ́ àfi tí wọ́n bá pa á lóru.

Wíwá àmì kiri láti ṣílẹ̀kùn sú mi, ìjà ìparí náà sì jọra jù. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn BAFTA, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún fíìmù àti géèmù, tí wọ́n fún un lórí ohùn ní 2018 tọ́ sí i.

Lọ́jọ́ tí màmá fẹ́ padà sílé, mo fi hẹdífóònù náà sí wọn lórí. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí wọ́n fi já a sọnù: "Gbà á! Àwọn wo ló ń sọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn yìí?"