El Rosario ní Mẹ́síkò: àwọn tó ń mú àlejò lọ wo labalábá

Iṣẹ́ àwọn afinimọ̀nà El Rosario, ibùdó tí labalábá ń wá lo ìgbà òtútù, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí ọ̀pọ̀ ẹni tó bá ti ibẹ̀ dé, labalábá nìkan ni wọ́n ń ròyìn, wọn kì í dárúkọ àwọn tó ń ṣọ́ igbó.

Ìpínlẹ̀ Michoacán ni ibùdó náà wà, nítòsí ìlú Angangueo, lórí òkè tó ga ju 3,000 mítà lọ. Ejido ni ilẹ̀ ibẹ̀, ìyẹn ilẹ̀ àjọni àwọn ará abúlé. Àwọn onílẹ̀ fúnra wọn ló ń gba owó ìwọlé, àwọn ló ń mú àlejò gòkè, àwọn ló sì ń fi ẹṣin ṣe háyà fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé òkè.

Obìnrin tó mú wa lọ kò kánjú rárá. Ó mọ̀ pé èémí àlejò kì í tó nǹkan lórí òkè yẹn, ó ń dúró dè wá, ó ń fi igi oyamel tí labalábá ń bà lé hàn wá. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ àwọn labalábá, ẹni tí kò mọ̀ á ní ewé gbígbẹ ló bo ẹ̀ka, tí ẹ̀ka fi tẹ̀. Ó ní ká dákẹ́, ká dúró. Òòrùn yọ. Gbogbo igi náà pọ́n yòò lẹ́ẹ̀kan náà, labalábá tú sójú ọ̀run, a sì ń gbọ́ ìró ìyẹ́ wọn. Mo sunkún.

Àwọn àgbà ní labalábá fi ara wé ẹyẹ, kò lè ṣe ìṣe ẹyẹ. Èyí tí wọ́n ń pè ní monarch ń ṣe é. Láti Kánádà àti Amẹ́ríkà ló ti ń fò bọ̀, ìrìn tó lè tó 4,000 kìlómítà, bẹ́ẹ̀ kò sí ọ̀kan nínú wọn tó dé igbó yìí rí. Àwọn ìran tó ṣáájú wọn ló kúrò níbẹ̀. Àwọn tó ń gbé ayé nígbà ooru kì í ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ. Ìran arìnrìn-àjò yìí lè lo oṣù mẹ́jọ. Otútù òkè ni kì í jẹ́ kí ọ̀rá ara wọn tètè tán.

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ni wọ́n ń dé, lásìkò ọdún àwọn òkú. Ọ̀pọ̀ ará agbègbè náà gbà pé ẹ̀mí àwọn tó ti lọ ló ń bọ̀ wá kí ilé. Ọmọ ilé eégún ni mí, ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí mi.

Wọn kì í gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan labalábá. Ẹnì kan fẹ́ ki òkú ọ̀kan sápò, wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó dára bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó fi bọ́ọ̀sì gbé wa láti olú-ìlú ni kò ṣe dáadáa. Bí a ṣe ń dé òkè ni wọ́n ti ń pè wá pé ká máa bọ̀. Ẹ sùn sí Angangueo, ẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀, ní oṣù kìíní tàbí ìkejì, kí ẹ gòkè nígbà tí òòrùn bá ti mú. Ẹ wọ súwẹ́tà.

Owó tí ẹ ń san ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ní ìgbà òtútù 1996 sí 1997, igbó tí labalábá bò ní gbogbo ibùdó Mẹ́síkò lé ní hẹ́kítà 18. Ní 2013 sí 2014, kò pé ẹyọ kan. Igi gígé wà nínú ohun tó fà á, oògùn apako ní oko Amẹ́ríkà sì ń pa ewéko kan ṣoṣo tí ọmọ labalábá yìí ń jẹ. Homero Gómez González tó darí El Rosario, ìdílé agégẹdú ló ti wá kó tó di alágbàwí igbó. Ní oṣù kìíní 2020 ó dàwátì, wọ́n sì rí òkú rẹ̀ kí oṣù náà tó parí. Àwọn ará abúlé kò torí rẹ̀ fi igbó sílẹ̀. Ẹ má dúnàádúrà owó ẹṣin pẹ̀lú wọn, kí ẹ sì jẹun lọ́dọ̀ àwọn ìyá tó ń ta tọ́tíyà lẹ́nu ọ̀nà.