Wọ́n yọ férémù ààrò ìyáná dáadáa, àmọ́ wọ́n dí ihò rẹ̀ ní ìdíkudìí

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni àbàwọ́n náà yọ. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti kun ògiri pálọ̀ tán, ó funfun báláú, a sì ti gbé àga sídìí rẹ̀. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló kọ́kọ́ hàn, bí ìgbà tí tíì bá ṣàn sílẹ̀ lára ife. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, ó ti fẹ̀ tó àwo ìjẹun. Mo fọwọ́ kàn án: ó tutù, ó sì ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Ibi tí ààrò ìyáná àtijọ́ wà gan-an ni, ibi tí mo san £780 lé lórí kí wọ́n lè yọ férémù rẹ̀, kí wọ́n sì tún ògiri ṣe.

Ilé-iṣẹ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ló ṣe iṣẹ́ náà, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù níbí. N kò ní dárúkọ wọn.

Iṣẹ́ yíyọ ni mo máa kọ́kọ́ sọ, nítorí ó wù mí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ilé tí wọ́n kọ́ láàárín 1930 sí 1939 mọ irú férémù yìí: kọnkéré tí wọ́n lẹ táìlì mọ́ lójú, tó wúwo débi pé ẹnì kan ò lè dá gbé e. Àwọn ọmọkùnrin méjì ló wá. Wọ́n ti ní kí n jẹ́ kí wọ́n gbá ihò èéfín kí àwọn tó dé. Wọ́n fi ọ̀rá dí ẹnu ilẹ̀kùn pa. Wọn ò fi òòlù lu férémù rárá. Ńṣe ni wọ́n fi ṣísẹ̀lì gbẹ́ ara ògiri kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ méjèèjì, bíi sẹ̀ǹtímítà 8 ní fífẹ̀, títí wọ́n fi rí etí irin tó so ó mọ́ bíríkì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, nítòsí orí rẹ̀. Síkúrù ti dípẹtà, kò ṣeé tú, ni wọ́n bá fi gráńdà gé e. Ibí yìí ni èèyàn ti ń fara pa: tí ẹ bá gé irin kejì tí ẹnikẹ́ni ò di férémù mú, ó lè wó lù yín. Ọ̀kan dì í mú, èkejì gé e. Wọ́n fi ọ̀pá irin tì í síwájú díẹ̀díẹ̀, lọ́tùn-ún, lósì, wọ́n sì rọra tẹ́ ẹ sórí búláńkẹ́ẹ̀tì. Orí búláńkẹ́ẹ̀tì náà ni wọ́n ti fọ́ ọ. Àpò 9 ló kún. Wọ́n yọ pèpéle táìlì tó wà níwájú rẹ̀ náà, àmọ́ wọ́n fi kọnkéré tó wà lábẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, wọn ò sì fọwọ́ kan líńtẹ̀lì. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. (Gáàsì ò sí nínú tèmi. Tó bá wà nínú tiyín, ẹni tó wà nínú Gas Safe, ìwé orúkọ àwọn tí òfin gbà láyè láti ṣiṣẹ́ gáàsì, nìkan ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó dí páìpù rẹ̀, kí bíríkìlà tó fọwọ́ kan ohunkóhun.)

Nígbà tí férémù kúrò, okùn kan tó ní àwọ̀ eérú wà lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n fi dí àlàfo. Irú okùn bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ asbestos, ohun ìkọ́lé tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, èyí tí òfin ò lé kúrò pátápátá nílẹ̀ yìí títí di 1999. Ẹ̀gbọ́n nínú àwọn méjèèjì dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Ó wọ́n omi sí i, ó bu díẹ̀ sínú ọ̀rá méjì, ó ní, “Mà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé síbí títí èsì máa fi dé.” Àyẹ̀wò náà jẹ́ £45. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ní kò sí asbestos nínú rẹ̀. Mo mọrírì ìyẹn gan-an.

Ẹlòmíràn ni wọ́n rán wá láti dí ihò, ìkánjú ló sì bá wá. Bíríkì tí wọ́n yọ látinú ààrò náà ló tún kó pa dà tó fi mọ ojú ihò. Mo bi í pé ihò afẹ́fẹ́ ńkọ́. Ó ní, “Kò nílò ẹ̀, mà, ṣebí ẹ ò dáná níbẹ̀ mọ́.” Ó rẹ́ POP lé e lórí, ó sì ti lọ kí aago mẹ́ta tó lù.

Nígbà tí àbàwọ́n yọ, mo pe ọ́fíìsì wọn. Arábìnrin tó gbé fóònù ní, “Ẹ máa ṣí fèrèsé, mà, ooru oúnjẹ yín ni.” Ilé ìdáná mi wà lẹ́yìn ilé pátápátá! Mo fi fọ́tò ránṣẹ́. Ó ní kí n ra ọ̀dà tí ń bo àbàwọ́n. Ọ̀dà yẹn ò lè wo ohun tó ń ti ẹ̀yìn ògiri bọ̀. Ó kàn máa bò ó fún ìgbà díẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo pè láàárín ọjọ́ 11. Ọ̀gá wọn ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Mo jókòó dè é láti àárọ̀ dalẹ́, kò wá, kò sì pè.

Lọ́jọ́rú tó tẹ̀ lé e, ní aago méje ààbọ̀ àárọ̀, bàbá kan kan ilẹ̀kùn, irun rẹ̀ ti funfun. Ó kí mi, ó bọ́ bàtà, ó sì fi ìka gbá ògiri kókó, kókó, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò bá mi jiyàn. Ó tẹ́ aṣọ sílẹ̀, ó gbẹ́ POP kúrò, ó fa bíríkì kan yọ, ó sì yí i pa dà sí mi. Ojú kejì rẹ̀ dúdú, ó ń dán bí ọ̀dà títì. Ó fi àtàńpàkò rá a, ọwọ́ rẹ̀ dúdú. “Ẹ wò ó, mà. Ohun tí èéfín ti ń kùn láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n fi mọ ògiri fún yín. Ẹ má bínú, ẹ̀bi wa ni.”

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Iyọ̀ wà nínú dúdú èéfín, iyọ̀ a sì máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Òjò ń gba orí símínì tí kò ní ìdérí wọlé, afẹ́fẹ́ ò sì rí ọ̀nà kọjá, ni gbogbo rẹ̀ bá ń gba ara POP jáde síta.

Ó kó gbogbo bíríkì náà dànù. Ó fi búlọ́ọ̀kù tuntun mọ ọ́n, ó sì ki etí wọn bọ àárín bíríkì àtijọ́ bí eyín, kí ògiri má baà sán lójú oríkèé. Ó fi ihò afẹ́fẹ́ sẹ̀ǹtímítà 22 sí 15 sí ìsàlẹ̀. Ó gbẹ́ ara ògiri kọjá ibi tí àbàwọ́n dé ní sẹ̀ǹtímítà 30. Láìmù NHL 3.5, ìyẹn ẹfun ìkọ́lé tí omi ń mú le, ló fi rẹ́ ẹ, òṣùwọ̀n 1 sí yanrìn ṣáàpù 2 ààbọ̀. Ara ògiri àtijọ́ nípọn tó mìlímítà 25, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì ló rẹ́ ẹ, mìlímítà 10 lẹ́ẹ̀kan, ó sì fi ọ̀sẹ̀ kan sáàárín wọn kó tó fi èyí tó kúnná parí rẹ̀. Ó ní kí n máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti lálẹ́, torí láìmù tó bá yára gbẹ máa sán. Ó mú ẹni tó fi ìdérí sórí símínì wá, irú èyí tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá tí òjò ò sì lè wọ̀. £120 ni mo san fún ìyẹn. Kò gba kọ́bọ̀ lórí ìyókù.

Òtútù ọdún kan ti kọjá báyìí, àbàwọ́n ò yọ mọ́. Mo gbé igi gígùn lé ojú ògiri náà láti mọ̀ bóyá ó tẹ́jú, ìmọ́lẹ̀ ò gba abẹ́ rẹ̀ kọjá níbì kankan. Pákó ẹsẹ̀ ògiri nìkan ló kù: ti àtijọ́ ga ní sẹ̀ǹtímítà 17, wọ́n gbé ti 12 wá, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní. Ọ́fíìsì ò dá mi lóhùn lórí ìyẹn.

Tí mo bá tún ní ààrò láti yọ, bàbá yẹn ni màá pè.

Máàkì: 2 nínú 5.